Ohùn Kékeré Nínú Báńdì Ńlá: Lórí Gbígba Orin Onífèrè Idẹ Sílẹ̀ Lójú Agbo

 

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ibẹ̀ ni irú báńdì onífèrè idẹ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Ní àríwá ilẹ̀ náà, láàárín àwọn awakùsà èédú àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ, ìlú kékeré tó bá níyì lójú ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní báńdì. Black Dyke ti Queensbury ti wà láti 1855, ilé ìhunṣọ ló dúró tì í. Grimethorpe jẹ́ ti àwọn awakùsà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1917. Wọ́n ti kùsà náà pa ní 1993, báńdì kò bá a kú. Nǹkan bí afùnfèrè 25 ló máa ń wà nínú irú báńdì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn onílù. Cornet ló ń ṣáájú níbẹ̀, wọn kì í lo trumpet. Tenor horn, baritone àti euphonium wà láàárín, trombone wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tuba ńláńlá sì jókòó sẹ́yìn.

Wọ́n fẹ́ràn ìdíje gan-an. Ti Belle Vue ní Manchester bẹ̀rẹ̀ ní 1853. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní Crystal Palace ní London ní 1900, láti 1945 sì ni àṣekágbá rẹ̀ ti ń wáyé ní Royal Albert Hall. Ohun tó wù mí jù nínú ìdíje wọn ni ibi tí àwọn adájọ́ ń jókòó sí. Wọ́n á ṣe yàrá kékeré kan sáàárín gbọ̀ngàn, wọ́n á fi aṣọ bò ó yí ká, àwọn adájọ́ á ti wọ inú rẹ̀ kí báńdì àkọ́kọ́ tó gun orí pèpéle. Wọn kò ní rí ẹnikẹ́ni. Wọn kò ní mọ báńdì tó ń fọn. Etí nìkan ni wọ́n fi ń dájọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Bí máìkì ṣe wà gan-an nìyẹn. Máìkì kò rí aṣọ tí báńdì wọ̀. Kò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, kò rí òógùn, kò rí ọwọ́ olùdarí tó ń gbọ̀n. Ohun tó bá dé ibi tó wà ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn adájọ́ inú àgọ́ yẹn kì í fún báńdì ní máàkì nítorí pé ó pariwo, báńdì tó dé ibẹ̀ kò sí èyí tí kò lè pariwo. Ibi tí ohùn ti rọlẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá. Gustav Holst kọ A Moorside Suite fún ìdíje 1928, ó sì fi apá kan tó lọ jẹ́jẹ́, tó dà bí òru, sáàárín rẹ̀. Ní irú ibẹ̀, afùnfèrè kò rí ariwo tí yóò fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ètè gbọ́dọ̀ dúró, èémí gbọ́dọ̀ tó, ohùn tín-ín-rín náà kò sì gbọdọ̀ já.

Ohùn tín-ín-rín yẹn ni mo wá gbèjà lónìí. Òun ni a ń pa nínú ọ̀pọ̀ ohùn báńdì tí a ń gbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, bí a bá sì ti pa á, ohùn ńlá tí a rò pé a ń gbé ga ń bá a kú.

Báńdì kì í ṣe àjòjì sí wa. Àwọn Salvation Army bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní Èkó ní 1920, fèrè idẹ sì jẹ́ ara ìsìn wọn níbi gbogbo láyé. Àwọn ọmọ Boys' Brigade ń fọn ọ́n, ọ̀pọ̀ ìjọ ń fọn ọ́n. Ta ni yóò sin òkú àgbà ní Èkó, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn lónìí tí kò ní ronú kan báńdì?

Mo lọ síbi ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Ìbàdàn ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Báńdì tó tẹ̀lé pósí jẹ́ eléèyàn mẹ́rìnlá. Nígbà tí a dé ẹ̀bá sàréè, olórí wọn na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, gbogbo wọn sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹni tó ń fọn euphonium nìkan ló gbé orin náà. Àwọn yòókù wà lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ ń mí lójú oorun. Mo gbọ́ nígbà tí ó mí sínú láàárín ẹsẹ orin méjì. Mo gbọ́ erùpẹ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ sórí pósí. Ẹnikẹ́ni kò húkọ́. Nígbà tí a kẹ̀yìn sí sàréè, onílù ńlá lu ẹ̀ẹ̀mẹta, trombone mẹ́rin ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, àyà mi mì, àwọn ọmọ olóòkú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ijó yẹn yẹ wọ́n nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló bí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi. Orin ẹ̀bá sàréè àti orin ijó, bákan náà ni wọ́n ṣe le. Erùpẹ̀ tó bọ́ sórí pósí dún bí ẹni da òkúta sórí páànù. Èémí afùnfèrè euphonium yẹn pariwo ju fèrè rẹ̀ lọ. Nígbà tí trombone mẹ́rin wọlé, ohùn kò ròkè rárá: ó rún mọ́ra, ó fọ́, ó sì kéré. Ẹni tí kò bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní mọ̀ láé pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín orin méjèèjì.

Fóònù ni wọ́n fi gbà á. Fóònù ní ètò kan nínú tó ń yí ohùn sókè fúnra rẹ̀ nígbà tí ibi tó wà bá dákẹ́, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ariwo bá dé. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu, kí a lè gbọ́ ẹni tó jìnnà bí a ṣe ń gbọ́ ẹni tó súnmọ́. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ó dára. Fún báńdì, ó ń ba gbogbo ohun tí báńdì ṣe jẹ́, nítorí pé ohun tí olórí báńdì fi ọwọ́ rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, fóònù gbé e sókè. Ohun tó gbé sókè, fóònù rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń fi báńdì sìnkú. Ní New Orleans ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn dúdú ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, onílù snare máa ń ki aṣọ ìnujú bọ abẹ́ ìlù rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé òkú lọ, kí ìlù náà lè dún bọ̀ọ̀lọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti fi òkú sílẹ̀ tán ni yóò yọ aṣọ náà, orin ijó á sì bẹ̀rẹ̀. Ní 1951, wọ́n gba ohùn báńdì Eureka ti ìlú náà sílẹ̀ nínú àwo tí wọ́n pè ní New Orleans Funeral and Parade. Ẹ̀rọ ìgbà náà kò tó tiwa rárá, síbẹ̀ a gbọ́ ọ̀fọ̀ lọ́tọ̀, a gbọ́ ayọ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn onímọ̀ ní orúkọ fún ohun tí mò ń sọ yìí, dynamic range ni wọ́n ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní ìbú ohùn: bí ó ti jìn tó láti orí ohùn tó rọlẹ̀ jù tí a ṣì lè gbọ́ títí dé orí èyí tó le jù. Decibel ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òǹkà rẹ̀ sì yàtọ̀ sí òǹkà ọjà. Bí a bá fi 10 kún un, agbára ìró náà ti di ìlọ́po mẹ́wàá, ṣùgbọ́n létí wa, ńṣe ló máa dà bí ẹni pé ó di ìlọ́po méjì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí èèyàn jókòó sí tí wọ́n dákẹ́, ariwo tó kù nílẹ̀ lè tó 40. Níwájú báńdì tó ń fọn pẹ̀lú gbogbo agbára, ó lè tó 110. Àádọ́rin decibel ló wà láàárín méjèèjì, ìyẹn ni pé agbára ìró tòkè jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá ti ìsàlẹ̀.

Ẹ wá gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Bí ariwo rẹ̀ bá jẹ́ 70, báńdì ti pàdánù ọgbọ̀n decibel kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu kan fèrè. Kò sí máìkì olówó ńlá tó lè rà á padà. Mo máa ń bẹ àwọn ìjọ tí mo bá ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé kejì, kí wọ́n fa wáyà gígùn, kí wọ́n sì pa fáànù òkè fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré tí orin jẹ́jẹ́ náà bá ń lọ. Ooru á mú wa díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn yẹn á ṣì wà lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn, nítorí òun gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ fèrè idẹ yàtọ̀ sí ti gìtá tàbí dùùrù. Bí a bá fọn trombone jẹ́jẹ́, ìró rẹ̀ á rọ̀, á rí rìbìtì. Bí a bá wá fọn ọ́n tagbáratagbára, ìró kan náà kọ́ ló kàn pọ̀ sí i. Ọ̀pá trombone gùn tó nǹkan bíi mítà 2.7, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ sí i títí yóò fi kù díẹ̀ kó dé ẹnu. Bí ìgbì ìró tó lágbára bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ibi tí afẹ́fẹ́ ti há mọ́ra nínú ìgbì náà ń sáré ju ibi tó ti tú ká lọ. Ẹ̀yìn ń lé iwájú bá. Iwájú ìgbì á wá máa dúró ṣánṣán sí i, títí tí yóò fi dà bí ògiri kó tó jáde. Ògiri yẹn ni etí wa ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ìró tó ń dán, tó mú bí abẹ. Ní 1996, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hirschberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú trombone tí a fọn dé góńgó, ìgbì náà ń di irú èyí tí ọkọ̀ òfúrufú tó sáré ju ìró lọ máa ń dá sílẹ̀. Euphonium àti flugelhorn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó, nítorí ọ̀pá tiwọn ń fẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbì náà ń rí ibi tú ká sí. Ìdí nìyẹn tí euphonium fi lè kún gbọ̀ngàn láì gé wa létí.

Nítorí náà, nínú fèrè idẹ, líle ohùn ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ ronú nípa ìyá kan tó jágbe mọ́ ọmọ nínú fídíò. Bí ẹ bá rẹ ohùn fídíò náà sílẹ̀ dé ibi tí ẹ kò fẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, ìjágbe ṣì ni. Ẹnikẹ́ni kò ní ṣì í mú fún ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí a bá wá fi ẹ̀rọ sọ trombone tó ń ké di ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú euphonium tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, etí á gbọ́ àwọ̀ ìjágbe ṣùgbọ́n ara kò ní mì. Ní ìdà kejì, ohun jẹ́jẹ́ tí a gbé sókè á máa gbé èémí, ìró ọmọ fèrè tí ọwọ́ ń tẹ̀, àti itọ́ inú ọ̀pá wá sí iwájú. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé méjèèjì ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹ̀rọ tó bá sọ wọ́n di ọ̀kan ti gba obì lọ́wọ́ wa, kò sì fún wa ní ọfà.

Nígbà kan, a lè dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Nígbà tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti lọ kọ orin Yorùbá sínú àwo Zonophone ní London ní 1922, máìkì kò tíì wọ iṣẹ́ àwo orin. Ẹnu ìwo ńlá kan ni èèyàn ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló sì ń ti abẹ́rẹ́ tó ń gé àwo. Báńdì onífèrè rí ojú rere ẹ̀rọ ìgbà náà ju àwọn onígòjé lọ, nítorí fèrè idẹ ní agbára tó lè ti abẹ́rẹ́. Tuba ni wọ́n tilẹ̀ ń lò dípò gòjé ńlá nígbà púpọ̀. Ní 1925 ni máìkì wọlé. Àwo LP dé ní 1948, ariwo abẹ́rẹ́ rẹ̀ kéré ju ti àwo àtijọ́ lọ. CD dé ní 1982 pẹ̀lú ìbú ohùn tó tó nǹkan bí 96 decibel. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré tí ọmọ yunifásítì lè rà lónìí ń ṣiṣẹ́ ní 24-bit, èyí tí ìbú rẹ̀ kọjá ti báńdì èyíkéyìí. Àpò ti tóbi tó. Bí ẹrù bá fọ́ nínú rẹ̀ lónìí, ọwọ́ wa ló fọ́ ọ.

Ohun tí ọwọ́ wa fi ń fọ́ ọ jù ni compressor. Ètò yìí ń ṣọ́ ohùn bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Èyí tó bá ga ju ìlà tí a fà lọ, á tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Lẹ́yìn náà, a ó gbé gbogbo rẹ̀ sókè pọ̀. Ó wúlò fún oníwàásù tó ń yí orí kúrò lẹ́nu máìkì. Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn tó ń ṣe àwo orin ti ń fi í bá ara wọn du ẹni tí orin rẹ̀ máa le jù, àwọn tó ń gba báńdì sílẹ̀ sì tẹ̀lé wọn. Eré ìje yẹn kò lérè mọ́. Láti 2010 ni ìlànà àwọn ilé ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí gbogbo ètò wà ní ìwọ̀n kan náà. YouTube àti Spotify náà ń wọn orin, wọ́n sì ń rẹ èyí tó bá le jù sílẹ̀. Ẹni tó fún orin báńdì pa kó lè le ju ti aládùúgbò lọ, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò ní le ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ìfúnpa rẹ̀ kò sì ní tú mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Ní ọjọ́ ìkórè ìjọ kan, mo wọn ohùn báńdì nígbà ìdánrawò ní àárọ̀, mo fi àmì ẹ̀rọ sí ibi tí mo rò pé ó tó. Nígbà tó di ọ̀sán, tí ṣọ́ọ̀ṣì kún, tí àwọn ọmọ báńdì rí ẹbí wọn nínú ìjókòó, wọ́n fọn kọjá ohun tí wọ́n fọn ní àárọ̀. Gbogbo ibi tó dùn jù ló fọ́. Ohùn tó bá ti fọ́ nínú ẹ̀rọ báyìí kò ṣe é tún ṣe. Ńṣe ni ẹ̀rọ gé orí ìgbì náà dànù. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ní kí báńdì fọn ibi tó le jù lẹ́ẹ̀mejì nígbà ìdánrawò, mo sì máa ń rẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkè rẹ̀ kò ní ga ju −12 decibel lọ lójú ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ó ti kéré jù. Kò kéré. Nínú 24-bit, ibi tí a lè gbé e sókè sí lẹ́yìn náà pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ̀rọ 32-bit float tó wà lóde báyìí tilẹ̀ ń gba ohùn tó kọjá ààlà láìfọ́, àmọ́ máìkì fúnra rẹ̀ ṣì lè fọ́ kí ohùn tó dé inú ẹ̀rọ.

Ibi tí máìkì dúró sí ṣe pàtàkì ju iye tí a rà á lọ. Ìró mímú tó ń dán yẹn ń jáde gbọnrangandan láti ẹnu trumpet àti trombone. Bí máìkì bá dojú kọ ẹnu yẹn, àwọn yòókù ti kú. Ẹ gbé e sókè bíi mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ sún un sẹ́yìn títí ẹ ó fi gbọ́ gbogbo báńdì bí ara kan. Máìkì méjì tó, bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn, tí ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, tí ìkejì kọjú sósì. Àwọn ará rédíò ilẹ̀ Faransé ń fi 17 sẹ̀ǹtímítà sí àárín wọn. Euphonium àti tuba kọ ẹnu sókè ọ̀run, àjà ilé ló ń dá ohùn wọn padà fún wa. Bí báńdì bá wà ní gbangba, ohùn wọn ń bá afẹ́fẹ́ lọ ni. Abẹ́ kánópì sàn, ẹ̀gbẹ́ ògiri sì sàn ju gbangba lọ. Ṣùgbọ́n ilé pẹ̀lú lè di ìṣòro. Royal Albert Hall tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ṣí ní 1871 pẹ̀lú gbohùngbohùn tó ń dá orin padà bí ẹni méjì ń fọn. Ó di 1969 kí wọ́n tó fi àwọn àwo ńlá tó rí bí olú kọ́ sí àjà rẹ̀ láti pa á. Ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ táìlì nílẹ̀ àti páànù lókè nílò aṣọ ìkélé tó nípọn ju máìkì kẹta lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, àwọn àgbà ìjọ ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ yín ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì báńdì yín ti àwọn ọdún 1970 àti 1980 nínú àpótí, lábẹ́ ibùsùn. Ohùn àwọn tó ti kú wà nínú wọn. Ọmọ kan á wá bá yín pé òun fẹ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà, òun á sì tún un ṣe kó lè dún ketekete. Ẹ jẹ́ kó gbé e wọlé. Ẹ ní kó kọ́kọ́ pa ọ̀kan mọ́ bó ṣe bá a, pẹ̀lú ariwo inú rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó rọlẹ̀ àti ibi tó ga, kó tó fi ọwọ́ kan ìkejì. Èyí tí kò fọwọ́ kàn yẹn ni kí ẹ kọ orúkọ báńdì, ọjọ́ àti ìlú sí lára.